Ìrẹsì Tó Jókòó Sáyè Kiichi

Sadao Kijima kò ní sùúrù fún ẹnu awakọ̀. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ọkọ̀ eré wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìlú Mooka, ní Japan, ni pé, "Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀." Ọkọ̀ ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe: kó gbé ìdúró ọkọ̀ sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí sípíríìǹgì, kó mú ṣọ́ọ̀kì le tàbí kó dẹ̀ ẹ́, títí ọkọ̀ yóò fi di títì mú ní kọ́nà, tí kò ní fì, tí kò ní ta. Kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Kì í kun ọ̀dà. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò, kó gbé e lọ síbòmíràn.

Ó mọ iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ó lè fi àtẹ́lẹwọ́ ti imú ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì sọ ẹsẹ̀ tó ń tiro fún ọ. Àléébù rẹ̀ ni pé òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Fumi ìyàwó rẹ̀, tó ti kó lọ bá ọmọbìnrin wọn ní Sendai, sọ nígbà kan pé bí òun bá fẹ́ kí ọkọ òun gbọ́ ohùn òun, àfi kí òun lọ ra táyà mẹ́rin wọ̀. Sadao rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà bíi pé wọ́n fi yìn ín ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí kì í pè ní oníbàárà, Kiichi Hanzawa, àgbẹ̀ onírẹsì. Wọ́n jọ lọ iléèwé girama ni, wọ́n jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, wọ́n sì jọ fi ọkọ̀ bàbá Kiichi já sínú kòtò omi. Kiichi ní ọkọ̀ eré kékeré pupa kan, oníjòkòó méjì, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Bí iṣẹ́ oko bá gbà á láyè, á gbé e lọ sí pápá ìsáré lọ́jọ́ Àìkú, á fi tu ara rẹ̀ nínú. Kò gba ife ẹ̀yẹ kankan rí, kò sì wá a. Ó kàn fẹ́ràn kó máa yí kọ́nà ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyí. Wọ́n á to òṣùwọ̀n mẹ́rin sílẹ̀, táyà kọ̀ọ̀kan á gun tirẹ̀, awakọ̀ náà á sì jókòó sórí àga rẹ̀, tó máa ń wà lápá ọ̀tún ní Japan, nítorí pé nínú ọkọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, èèyàn inú rẹ̀ kì í ṣe ẹrù kékeré. Sadao á wá fi sípánà yí òrùka tó di sípíríìǹgì mú, igun kan á ròkè díẹ̀, òmíràn á relẹ̀, títí ẹrù yóò fi pín sórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe yẹ. Bí awakọ̀ bá yàtọ̀, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí aṣọ tí wọ́n wọn sí ẹnì kan lára ni.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í ráyè jókòó sínú ọkọ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnì kan máa fi sípánà yí i ká. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ géńdé, Kiichi dá ọgbọ́n kan. Ó ru àpò ìrẹsì ọlọ́gbọ̀n kílò méjì wá, ó fi àpò kékeré oníkílò méjìlá lé e lórí.

"Kílò méjìléláàádọ́rin," ló wí. "Èmi náà nìyẹn. Tí mi ò bá sí níbí, gbé mi jókòó."

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kórè tán, Kiichi á gbé ìrẹsì tuntun wá pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀, Sadao á sì kó èyí tó ti ń jókòó láti ọdún kan wọ ilé ìdáná.

"Ọ̀rẹ́, mo ti jẹ ẹ́ tán o," Sadao á pariwo sínú fóònù. "Itan rẹ nìkan ló kù."

"Kó o ṣáà sanra o," Kiichi á fèsì. "Ẹran ara mi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jẹ dànù."

Àwàdà yìí kò sú wọn rí. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, Kiichi ṣì ń jẹ́ kílò méjìléláàádọ́rin, nítorí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko kì í sábà sanra, kì í sì í sábà rù.

Ọdún tí wọ́n pé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, nígbà tí òdòdó ìgbà ìrúwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀, Kiichi gbé ọkọ̀ pupa náà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí.

"Sadao, ọkọ̀ yìí ń lù mí."

"Kí ló dé? Kí lo fi ṣe é?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín. Tó bá já sínú kòtò bíńtín báyìí, ẹ̀yìn mi ló ń gbà á. Tí mo bá sì yí kọ́nà ọwọ́ ọ̀tún, ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ já mi sílẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti òsì."

"Ṣé ọkọ̀ tí mo ṣe fún ẹ kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn?"

"Òun náà ni. Ó ti yàtọ̀."

Ohun tí wọn kì í sọ fún Sadao ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó wa ọkọ̀ náà gun orí òṣùwọ̀n, ó gbé àpò ìrẹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àga, ó so bẹ́líìtì mọ́ wọn láyà, ó sì wo iye tó hàn. Gbogbo rẹ̀ dọ́gba, bó ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó na ọwọ́ sí òṣùwọ̀n bí ẹni tó ń fi ẹlẹ́rìí han adájọ́.

Kiichi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà oko rẹ̀. "Ṣé kí n jókòó sínú ẹ̀ wò?"

"Kí lo tún fẹ́ jókòó fún?" Sadao nàka sí àpò ìrẹsì. "Ìwọ rèé tó jókòó."

Kiichi náà rẹ́rìn-ín. Omi ti wọ oko, ìrúgbìn ń dúró, ó sì fẹ́ tètè máa lọ. Ó so okùn bàtà rẹ̀ padà, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ tí aládùúgbò kan wà tẹ̀ lé e wá, ó lọ.

Ó máa ń bíni nínú láti sọ ọ́. Ẹni tó ni ara dúró síwájú rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ bàtà, ó fẹ́ wọlé. Sadao sì ń bi àpò léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe ohun tó rò pé ó jẹ́ àánú: ó yí kókó tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì díẹ̀, kẹ́, kẹ́, ó dẹ̀ ẹ́ kó má baà máa gbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ jù. Ó gbà pé ọjọ́ orí ló dé.

Nígbà òjò, lẹ́yìn tí wọ́n gbin ìrẹsì tán, Kiichi tún padà wá. Aṣọ oko ńlá ló wọ̀, ó fi tówẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn bí ìṣe rẹ̀.

"Bẹ́líìtì yẹn ti tú," ló wí. "Àga náà ti fẹ̀. Mò ń yọ̀ kiri nínú ẹ̀ bí ẹ̀wà inú agolo."

"Àga kì í fẹ̀, ọ̀gbẹ́ni. Àgbà ló ń dé sí ẹ. Lọ ra tìmùtìmù."

"Ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, o fẹ́ kó máa kọrin ni?" Sadao fa bẹ́líìtì náà le, ó tún dẹ ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ sí i. "Ó tó o. Tí mo bá dẹ̀ ẹ́ ju báyìí lọ, ó ti di bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Wàá kàn máa sùn lọ ní kọ́nà ni."

Kò wo ìdí tí bẹ́líìtì náà fi ní láti wọlé tó bẹ́ẹ̀ kó tó di èèyàn mú. Ọwọ́ rẹ̀ ló fà á. Ó fà á, ó sì ń fà á, ọwọ́ tó máa ń mọ̀ bí nọ́ọ̀tì méjì bá fi ìwọ̀n irun orí kan yàtọ̀ síra, kò sì mọ nǹkan kan.

Ìgbà kẹta ló burú jù. Oṣù kẹjọ ni, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ọdún àwọn òkú, ooru ń mú bí iná. Àwọn oníbàárà méjì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń mu tíì ọkà bálì tútù nígbà tí Kiichi dé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bíi pé ó ń tọrọ nǹkan.

"Jọ̀ọ́, Sadao. Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré."

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Sadao ní ẹ̀tàn kan tí wọ́n fi ń dán awakọ̀ wò. Wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á yí kókó náà síwájú, kẹ́, kẹ́, kí onítọ̀hún gbọ́ ọ. Wọ́n á sì rọra yí i padà síbi tó wà. Kò sí ohun tó yí padà. Bí awakọ̀ bá wá wà á lọ wà á bọ̀, tó ní, "Háà, ó ti dára jù," a jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ onígbéraga tí wọ́n ń fi aago wọn ara wọn ni Sadao máa ń ṣe é fún. Kò ṣe é fún Kiichi rí.

Lọ́jọ́ yẹn ó ṣẹ́jú sí àwọn oníbàárà méjèèjì, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pupa náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó tiẹ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ ń wọ̀ lọ́rùn. Nígbà tó jáde, òógùn ti rin ín gbingbin.

"Wà á lọ sí etí odò kó o bọ̀."

Kiichi wà á lọ. Nígbà tó padà dé, kò tètè jáde nínú ọkọ̀. Ó jókòó, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ojú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n sì rò pé oòrùn ni. Lẹ́yìn náà ló fa ara rẹ̀ jáde, ó tẹrí ba fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ó ti dára," ló wí. "Ó ti dára gan-an ni. O ṣé, ọ̀rẹ́ mi."

Kò tíì dé títì ńlá tí Sadao fi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ rí i? Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan! Inú orí ni gbogbo ẹ̀ wà. Orí awakọ̀ ló yẹ kí n máa fi sípánà yí."

Ó sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó wọlé títí oṣù náà fi parí. Kiichi kò sì ráhùn mọ́. Sadao kà á sí pé òun ti wò ó sàn. Nígbà tí ìkórè sún mọ́lé, Kiichi wá fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní iṣẹ́ oko ti pọ̀ jù, òun á wá gbé e bí òun bá kórè tán. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìkórè ló ṣubú sí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ kan lẹ́yìn ikùn rẹ̀, tó ti gba ẹ̀yìn, tó ti dé ẹ̀dọ̀.

Sadao lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kí Kiichi tó lajú rárá ló ti rí ohun tó yẹ kó rí. Bẹ́ẹ̀dì náà kò tẹ̀ wọlé. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wo bí ẹrù ṣe ń jókòó lórí sípíríìǹgì, kò sẹ́ni tó ní láti ka iye kankan fún un.

"Ọkọ̀ ńkọ́?" Kiichi béèrè.

"Ọkọ̀ wà. Ó ń dúró dè ẹ́."

"Má jẹ́ kí eruku bò ó."

Ó yẹ kí Sadao jẹ́wọ́ ẹ̀tàn oṣù kẹjọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí ọ̀rẹ́ òun máa sinmi ni. Ó jáde, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó ń bú ara rẹ̀ ní gbogbo orúkọ tó mọ̀. Kí ewé tó pupa tán lórí igi, Kiichi ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Sadao wa ọkọ̀ pupa náà gun orí òṣùwọ̀n, pẹ̀lú ìrẹsì lórí àga. Àléébù ló ń wá. Ó fẹ́ bá sípíríìǹgì kan tó ti rẹ̀, tàbí ṣọ́ọ̀kì kan tó ń jo epo, kó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́. Ohun gbogbo dọ́gba. Kò gbé e kúrò lórí òṣùwọ̀n mọ́, kò sì gba iṣẹ́ púpọ̀ láwọn ọjọ́ náà.

Bí ọkọ̀ náà ṣe wà nìyẹn ní àárọ̀ tí Tomie, ìyàwó Kiichi, wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré náà wá. Wọ́n ti gbé eérú ọkọ rẹ̀ sínú ibojì ìdílé. Fúnra rẹ̀ ló ru àpò ńlá kan wọlé kí Sadao tó dìde, ó sì padà lọ ru ìkejì, ó tún lọ mú kékeré.

"Ìrẹsì tuntun nìyí, Kijima-san. Ó ní kí n má gbàgbé. Kílò méjìléláàádọ́rin, bí ti tẹ́lẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pè é, pẹ̀lú "san" tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni.

"Tomie-san, ẹ má fi ara yín ṣe wàhálà mọ́."

"Wàhálà wo? Mo wá dúpẹ́ ni." Ó gba ife tíì tó gbé fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Gbogbo ìgbà ooru yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èmi, tó bá ti ní ẹ̀yìn ń dun òun, màá ní kó lọ rí dókítà. Á ní kì í ṣe ẹ̀yìn, ọkọ̀ ni, Sadao á tún un ṣe."

Sadao bu tíì sínú ife tirẹ̀.

"Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ó dé, ó lọ dùbúlẹ̀. Ó ní ẹ tún ọkọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n kò yàtọ̀ rárá. Mo ní, ṣé o sọ fún un? Ó ní rárá o, òun sọ pé ó ti dára. Ó ní, 'Nínú ooru yẹn, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nítorí mi, ó pẹ́ níbẹ̀, òógùn bò ó. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?'" Tomie rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í fẹ́ kí ojú tì yín."

Ìtìjú tó bá Sadao, kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi ẹ̀rín bò. Ó wo ilẹ̀.

"Ó ku ohun kan," Tomie wí. "Dókítà bi mí léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mi ò mọ̀ ọ́n. Aṣọ oko ńlá yẹn ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sì ti ń sùn láti ọdún pípẹ́ nítorí híhanrun ẹ̀. Ìyàwó ilé, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wá sọ fún un pé ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n, Kijima-san, òun ló ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Dókítà ní kò tún lè ran nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Èmi ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Nígbà ìrúwé, kílò mélòó ni?"

Ó lè purọ́. Iye kan ṣáà ni, kò sì sẹ́ni láyé tó lè já a. Ṣùgbọ́n Sadao kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí lórí ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ.

"Méjìléláàádọ́rin," ló wí.

"Nígbà òjò ńkọ́?"

"Méjìléláàádọ́rin."

"Nínú oṣù kẹjọ?"

Ojú Sadao ti ṣí kúrò lára obìnrin náà, ó sì ti lọ sí ibi tí kò fẹ́ kó lọ. Tomie tẹ̀ lé e wò. Ó rí ọkọ̀ pupa lórí òṣùwọ̀n, ó rí àpò mẹ́ta lórí àga ọkọ rẹ̀, tí bẹ́líìtì dì mọ́ ẹ̀yìn àga dáadáa.

"Ìrẹsì," ló wí.

"Ó ní ṣé kí òun jókòó." Sadao nàka sí àga náà. "Nígbà ìrúwé. Ó ti ń tú bàtà. Èmi ni mo ní kò pọn dandan."

Tomie kò pariwo, kò sì sunkún. Ó gbé ife náà kalẹ̀ láìtíì mu ún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò ìrẹsì tuntun kan sí èjìká, ó gbé e padà lọ sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó wá gbé ìkejì. Sadao dìde láti ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. "Èyí tẹ́ ẹ gbé jókòó yẹn, ó tó yín jẹ."

Ó mú àpò kékeré náà, ó lọ.

Sadao wà níbi tó wà títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ebi burúkú tí kì í bọ̀wọ̀ fún ọ̀fọ̀, kò sì sí hóró ìrẹsì kan nínú ilé. Ó tú bẹ́líìtì. Ó gbé àpò oníkílò méjìlá kúrò lórí àga láti lọ sè nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí òṣùwọ̀n, nítorí pé ojú rẹ̀ kò mọ ibòmíràn lọ. Iye tó wà níbẹ̀ ti yí padà. Igun ọwọ́ ọ̀tún ti fúyẹ́, ọkọ̀ náà kò sì jókòó dọ́gba mọ́. Bí ẹnì kan bá wà á bẹ́ẹ̀ wọ kọ́nà ọwọ́ ọ̀tún, yóò ṣe bí ẹni fẹ́ já a sílẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti òsì.

Ó gbé àpò náà padà sórí àga, ó wo iye rẹ̀. Ó tún gbé e kúrò.